Òjé Ni Wọ́n Ń Wà, Fàdákà Ló Ń Tẹ̀lé E Lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Fájuyì, ní Adó-Èkìtì, tẹ́ ẹ máa gbé òrùka sókè wò nínú oòrùn, tẹ́ ẹ máa ní, "Kẹ́hìndé, kí ló dé tí fàdákà rẹ wọ́n tó báyìí, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ lo fi ń ṣe é ni?", ẹ jókòó. Mo ti lọ síbi tí wọ́n ti ń wà á. Mo sì ti dé. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan, ojú mi ló rí i, ọwọ́ mi ló kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lẹ́yìn èyí, kó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ ná, kó tó wá la ẹnu.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, èmi ni Kẹ́hìndé tó ń ṣe òrùka àti ẹ̀gbà fàdákà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì. Mi ò ní ọ̀gá. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Mo jó ara mi lọ́wọ́, mo ba nǹkan jẹ́, mo bú ara mi, mo tún un ṣe, títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá pe ọkùnrin tó ń ta fàdákà fún mi n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Àǹtí, ọjà ti gbówó lórí o." Mo ní kí ló gbé e gorí? Ó ní òun ò mọ̀, bí wọ́n ṣe sọ fún òun ni òun ṣe sọ fún mi. Mo ní ta ni "wọ́n"? Kò mọ̀ ọ́n. Báwo ni èèyàn ṣe máa jẹ́ kí ẹni tí òun ò mọ̀ máa fún òun lọ́rùn?

Orí ẹ̀ ni mo wà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Táyé fi dé. Táyé ni ìkejì mi. Òun ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n gbogbo yín mọ̀ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò. Dàpọ̀, tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Ìyìn, ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Mo ní èmi ni màá ṣe òrùka tí wọ́n máa fi so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Dàpọ̀ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Màmá Tíṣà là ń pè wọ́n, torí pé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìdajì ará Ìyìn ni wọ́n ti nà ní ẹgba ní kíláàsì.

"Fàdákà láti ibo?"

"Ojúlówó ni, ma."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ojúlówó ni. Mo ní láti ibo?"

Mo ní ọkùnrin kan ló ń tà á fún mi n'Íbàdàn. Wọ́n ní, "Ẹni tí ò mọ ibi tí nǹkan rẹ̀ ti ń wá, alájàpá ni, kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́. Àbúrò mi ti fi òrùka wúrà ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ìyẹn la máa lò."

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Mo dìde lórí àga, mo ní, "Ma, màá lọ síbi tí wọ́n ti ń wà á nílẹ̀ Nàìjíríà níbí. Màá fi ọwọ́ ara mi mú fàdákà tó jáde nínú ilẹ̀ wa wá. Tí mo bá mú un dé, òrùka tèmi ni Táyé máa wọ̀."

"Tí o ò bá wá mú un dé ńkọ́?"

"Èmi fúnra mi ni màá gbé òrùka yín wọ ṣọ́ọ̀ṣì lórí tìmùtìmù."

Màmá Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ilé, ṣé ẹ gbọ́?" Gbogbo ilé gbọ́. Táyé ti ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì látàárọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Wọ́n pe Èkìtì, èmi kọ́ ni wọ́n ń pè

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò da yín láàmú. Ó jìnnà, ìdí mi kú, ó tán. Abúlé kan lẹ́yìn Abakalíkì ni mo lọ, ní ìpínlẹ̀ Ẹ̀bọ́nyì, torí pé fóònù mi sọ fún mi pé fàdákà wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ọ̀kadà tó gbé àpò kan ṣoṣo. Àpò náà ò ju ìrọ̀rí lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀kadà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, awakọ̀ sì ń wà á jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé aboyún. Mo ní kí ló wà nínú ẹ̀? Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Eruku bo ewé, ó bo páànù, ó bo ìpéǹpéjú àwọn èèyàn.

Mo rí ìyá arúgbó kan, mo kúnlẹ̀ kí i. Ẹ̀rù bà á! Ó dì mí lápá, ó fà mí dìde, ó ń wo ilẹ̀ bóyá nǹkan mi ló sọnù. Bí mo ṣe ń gbọn eruku orúnkún mi, ọmọkùnrin kan tí ò tíì hu irùngbọ̀n na ọwọ́ sí bàbá olórí ewú kan pé kí wọ́n bọwọ́, bàbá sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo ní, ha! Tó bá jẹ́ ní Adó ni, wọ́n á ti pe ìyá ọmọ yẹn wá.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹnì kan fi ké láti ọ̀ọ́kán: "Ekiti! Ekiti o!"

Mo yí padà. Mo ní, "Hẹ̀n?"

Wọn ò wo ibi tí mo wà. Ọkùnrin kan ló dáhùn láti ẹ̀bá kòtò, ó fi aṣọ wé orí, apá rẹ̀ rí bí ọmọ odó. Nwéke lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó ti ṣe lébìrà oko ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ, l'Ékìtì wa níbí, fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó wá padà sílé, Èkìtì ni gbogbo abúlé ń pè é. Ẹ wò ó o, èmi tí mo jẹ́ ọmọ Èkìtì di àlejò tí ò lórúkọ, ọmọ Ìgbò wá ń jẹ́ Èkìtì níwájú mi.

Ó rí i pé mo yí padà. Ó sún mọ́ mi, ó wò mí dáadáa, ó ní, "Ulé rẹ ńkọ́? Ulé rẹ níbo?"

Ulé! Nígbà tí mo wà ní Èkó, tí mo bá ti sọ "ulé" báyìí dípò "ilé", wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á ní ará oko ti dé. Ní ẹ̀yìn Abakalíkì, ẹnì kan sọ ọ́ fún mi, omi sì yọ lójú mi. Eruku ni o. Ẹ má rò ó sí nǹkan mìíràn.

"Adó," mo ní. "Fájuyì."

"Ọmọ Adó! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jẹ ìrẹsì Ìgbẹ́mọ tán, tẹ́ ò ní bèèrè ẹni tó kórè rẹ̀! Kí lo bá wá?"

"Mo wá ra fàdákà."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Kò mọ̀ ọ́n. Ta ló máa sọ̀rọ̀ fàdákà fún un nínú oko ìrẹsì? Mo ní nǹkan tó ń dán ni, tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀. Ó ní, "Aa! Nǹkan tó ń dán kún ibí. Lọ́la wàá rí i, títí yóò fi sú ọ." Inú mi dùn dé ọ̀run. Ọkàn mi ti ń bá Màmá Tíṣà sọ̀rọ̀.

Obì ò gbọ́ Yorùbá

Ilé Nwéke ni mo sùn. Ìyàwó rẹ̀, Mama Chidi, fún mi ní yàrá kan, omi ìwẹ̀ àti ojú burúkú díẹ̀, torí pé ọkọ rẹ̀ ń fi èdè tí òun ò gbọ́ bá ọmọbìnrin tí òun ò mọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo gbà fún un. Èmi náà á wo èèyàn bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà wá wo àlejò. Wọ́n gbé obì jáde. Wọ́n gbé e láti ọwọ́ kan sí èkejì, ó yípo gbogbo ọkùnrin ibẹ̀, ó fò mí bí ẹni tó fo kòtò. Mo na ọwọ́. Nwéke ní, "Rọra, ọmọ Adó. Obìnrin kì í bu obì níbí, wọ́n á fún ọ ní tìrẹ. Wọ́n ti ń súre lé e lórí, obì ò sì gbọ́ Yorùbá."

"Obì tó ti ilẹ̀ wa wá? Inú mọ́tò tó gbé e wá ló ti gbàgbé Yorùbá ni?"

Nwéke tú u sí Ìgbò fún wọn. Mo ti ń múra ìjà. Bàbá olórí ewú yẹn wò mí, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó wá sọ nǹkan kan. Nwéke ní, "Ó ní tí obì bá gbọ́ Yorùbá, kí o bi í kí ló dé tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbìn ín kò fi jẹ ẹ́ tó àwa." Ó borí mi. Èmi! Wọ́n fún mi ní tèmi, mo jẹ ẹ́, ó korò, mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹ wá gbọ́ ti uyán, tí ará Èkó ń pè ní iyán. Mo ti rò pé Èkìtì ló ni uyán, pé àwọn tó kù kàn ń yá a lò ni. Mo gbọ́ ìró odó lẹ́yìn ilé, mo sáré lọ. Mama Chidi ló ń gún un, usu tó funfun bí òwú. Mo ní kó gbé ọmọ odó fún mi kí n fi bí wọ́n ṣe ń gún un hàn án. Mo gún un, mo ta omi sí i, mo gún un títí ó fi ń fà. Mama Chidi fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣókí.

"Kí ló wí?" mo ní.

Nwéke ń wo òrùlé. "Ó ní ó dára."

"Irọ́. Kí ló wí?"

"Ó ní ó dára fún ọmọ tí ò tíì hu eyín."

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kú. Mo ní kó gbé tirẹ̀ wá. Tirẹ̀ le, ó dúró gírí, tí o bá bù ú, o máa mọ̀ pé o bu nǹkan. Ọbẹ̀ rẹ̀ ta lẹ́nu mi bí iná, ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́, mo tún bèèrè sí i. Mi ò sọ pé ó dùn ju tiwa lọ o. Kò lè dùn jù ú lọ. Mo kàn ní mo bèèrè sí i. Àtìgbà yẹn ni Mama Chidi ti ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní lọ́la òun máa se ìrẹsì Abakalíkì, kí n wá sọ bóyá Ìgbẹ́mọ yẹn tí ọkọ òun ń pariwo lè súnmọ́ ọn. Nwéke tẹ̀ sí etí mi, ó ní lábẹ́lẹ̀, "Má dá a lóhùn. Ìgbẹ́mọ ni o. Ṣùgbọ́n ibí ni mò ń sùn."

Nǹkan tó ń dán

Ní àárọ̀, a lọ sí kòtò. Kòtò náà gùn bí ọ̀nà, ó jìn débi pé orí àwọn tó wà nísàlẹ̀ dà bí ẹ̀pà. Àwọn ọkùnrin ń wà, àwọn obìnrin jókòó sókè, wọ́n ń fi òòlù fọ́ òkúta, wọ́n ń ṣa èyí tó dára sọ́tọ̀. Nwéke mú ọ̀kan, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ọwọ́ mi já bọ́. Kò ju ẹyin lọ, ó wúwo bí ọmọ ọlọ! Ojú rẹ̀ sì ń dán bí dígí tó fọ́, gbogbo igun rẹ̀ gún régé bí ẹni pé ẹnì kan fi rúlà wọ̀n ọ́n. Mo ké. Mo gbé e mọ́ àyà. Mo ní, "Fàdákà! Nwéke, fàdákà rèé! Ẹ fún mi ní àpò kan!"

Àwọn obìnrin yẹn wo ara wọn.

Nwéke ní, "Òjé ni. Lẹ́ẹ̀dì ni àwọn tó ń rà á ń pè é."

"Òjé wo? Iṣẹ́ mi ni mo ń sọ yìí! Ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní fàdákà?"

"Ìyá tó fún mi nílé gbé n'Ígbẹ́mọ ní ẹ̀gbà rẹ̀ lọ́wọ́. Òjé ló pè é. Òjé ni."

Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò ní kọ síbí. Mo ní ó fẹ́ tan mí, ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún ẹlòmíràn, pé gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń ṣe é. Kò bá mi jà. Ó kàn wo àyíká, ó rí páálí funfun kan, ó fi òkúta náà fa ìlà lójú rẹ̀. Ìlà dúdú, bíi ti pẹ́ńsùlù.

Mo mọ ìlà yẹn.

Ìyá àgbà wa ní Adó ti di ọmọ ìjọ látọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú ẹ̀gbà òjé tí ìyá wọn fi ṣe òrìṣà. Nígbà tí èmi àti Táyé wà ní kékeré, a máa ń jí i mú, a máa ń fi ya àwòrán sára ògiri, wọ́n á sì fọ́ wa létí. Ìlà yẹn gan-an ni. Àwọn àgbà ní a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tó máa bọ́ ọ. Èmi ni wọ́n fi òjé bọ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ nínú eruku. Lójú inú mi, mo ń wo òrùka wúrà Màmá Tíṣà lórí tìmùtìmù, mo ń wo ara mi tí mo gbé e, tí gbogbo Ìyìn ń wò mí.

Nwéke jókòó tì mí. Ó ní, "Ohun tí o ń wá yẹn, kí ni òyìnbó ń pè é?"

"Sílífà."

Ó ní, "Háà! Àwọn ará ibi ìwọ̀n máa ń sọ ọ́. Tí wọ́n bá yẹ òkúta wa wò, wọ́n á máa bá ara wọn sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: sílífà, sílífà. Owó òjé ni wọ́n ń fún wa. A ò bi wọ́n léèrè ohun tí ìyẹn jẹ́."

Mo ti dìde kó tó sọ ọ́ tán.

Ó ṣẹ́jú sí mi

Ibi ìwọ̀n ni ibi tí àwọn tó ń ra òkúta dúró sí. Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí Ngozi ti ń dán òkúta wò. Ó ju mí lọ díẹ̀, ó fi nǹkan bo imú, kò sì gbé orí sókè nígbà tí mo wọlé pẹ̀lú ariwo.

"Ẹ ń jí fàdákà wọn! Owó òjé lẹ̀ ń san, fàdákà lẹ̀ ń kó lọ!"

Ó fi òyìnbó bi mí, "Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Oníṣẹ́ fàdákà ni mí."

"Ó dáa. Bọ́ síta, dúró lójú fèrèsé, kí èéfín má bàa kàn ọ́. Èéfín òjé kì í ṣe nǹkan eré, ó ń wọ ọpọlọ ọmọdé. Máa wò ó. Tó o bá wò ó tán, o máa gbẹ́nu dákẹ́."

Mo wò ó. Ó lọ òkúta wa kúnná, ó da nǹkan pọ̀ mọ́ ọn, ó fi sínú iná títí tó fi di òjé róbótó kan. Ó wá gbé òjé náà sínú ife kékeré kan tí wọ́n fi eérú egungun mọ, ó tún dá a padà sínú iná. Òjé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ife náà ń mu ún bí ìgbà tí búrẹ́dì ń mu tíì. Ó ń kéré, ó ń kéré. Mo rò pé kò ní ku nǹkan kan. Lójijì, ohun tó kù ní ìdí ife tàn yẹ̀rẹ̀, ó ṣẹ́jú sí mi, lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ti ń yọ́ fàdákà láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ìbímọ ni mo wò yẹn.

Kò tó orí abẹ́rẹ́. Ẹ̀kúnwọ́ òkúta, ohun tó jáde kò tó orí abẹ́rẹ́.

Ngozi ní, "Ìyẹn ni wọ́n ń wà. Ṣé o rò pé ẹnì kan máa gbẹ́ kòtò torí ìyẹn?"

"Ó ti wọ́n báyìí! Kí wọ́n wà á sí i!"

"Ta ló ń wa fàdákà? Òjé là ń wà. Tí àwọn oníbátìrì bá ń ra òjé, kòtò á ṣí. Tí wọn ò bá rà á, kòtò á tì, bí fàdákà fẹ́ wọ́n kó wọ́n dé sánmà. Kì í ṣe níbí nìkan. Èyí tó pọ̀ jù nínú fàdákà ayé, inú òjé, inú bàbà, inú àwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti ń jáde. Fàdákà kì í dá rìn."

Nwéke tó ń gbọ́ lẹ́yìn mi ní, "Táyé àti Kẹ́hìndé." Ó rí irú àwa ìbejì lọ bíi ilẹ̀ bíi ẹní n'Ígbẹ́mọ. Ó ní, "Òjé ni Táyé, òun ló ń kọ́kọ́ jáde, òun ni wọ́n ń gbé jó. Ìkejì ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀."

Mo ní, "Èmi ni Kẹ́hìndé! Ẹ bèèrè mi!"

Ngozi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní kó sọ òótọ́, àwọn tí ẹ ń tà á fún lókè òkun, ṣé wọ́n ń san ti fàdákà fún yín? Ó ní tí ó bá pọ̀ nínú òkúta, wọ́n ń san án. Mo ní kí ló dé tí kò fi dé ọwọ́ àwọn tó ń wà á? Ó ní, "Wọn ò bèèrè rí." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ojú ń tì, mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe òun ló ni ọjà.

Ọ̀kan kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. "Ta ló wá ń rà á tó fi wọ́n mọ́ mi lọ́wọ́? Òrùka ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o ní sólà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ?"

"Mo ní in. Iná ò sí ní Adó, kí ni kí n ṣe?"

"Àwọn ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú rẹ̀, kí lo rò pé wọ́n fi fà á?"

"Fàdákà?" mo ní.

"Bátìrì tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́?"

Òjé. Òjé ni! Ẹ gbà mí o. Láti Fájuyì títí dé ọ̀nà Ìyìn, kò sí òrùlé tí wọn ò gbé sólà lé. Gbogbo ìgbà tí mò ń bú "wọ́n," tí mò ń ṣépè fún "wọ́n" tó ń ra fàdákà tán, orí páànù èmi fúnra mi ni "wọ́n" jókòó sí tó ń yáàrùn.

Ngozi mú kóró fàdákà náà, ó fi bébà dì í, ó fi lé mi lọ́wọ́ láti ojú fèrèsé. "Mú un, kí n rójú ṣiṣẹ́."

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ máa bọ̀, Nwéke kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ibi ìwọ̀n. Kí àpò tó kan ìwọ̀n, ó di ẹnu àpò mú, ó ní, "Sílífà ńkọ́?" Àwọn olùwọ̀n wo ara wọn bí ẹni tí ewúrẹ́ bá sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ibi tó máa já sí. Ṣùgbọ́n ó ti bèèrè, ìbéèrè ò sì ṣe é dá padà sínú ẹnu.

Ìyìn

Mi ò délé kí n tó lọ sí Ìyìn. Táyé wà níbẹ̀, Dàpọ̀ wà níbẹ̀. Màmá Tíṣà fi gíláàsì sójú, wọ́n ní, "Ó dáa. Níbo ló wà?"

Mo tú bébà sórí tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mí sí i, ma."

Wọ́n tẹ̀, wọ́n wò ó. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. "Kẹ́hìndé, èèrà lo fẹ́ ṣe òrùka fún ni?"

"Ma, fàdákà lẹ ní kí n mú wá, láti inú ilẹ̀ wa. Ẹ ò sọ bó ṣe máa tóbi tó."

Dàpọ̀ wúkọ́. Màmá Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Láti ibo?" Bí wọ́n ṣe bi mí lọ́jọ́ yẹn náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí mo mọ̀ ọ́n. Mo sọ ti kòtò, ti òjé, ti ife eérú egungun, ti sólà tó wà lórí ilé tiwọn gan-an. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin, bí ẹni tó ń gbọ́ ọmọ tó ń ka ìwé lọ́nà tó tọ́. Mo ní, "Fàdákà kì í dá rìn, ma. Inú nǹkan mìíràn ló máa ń wà."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá. Wọ́n pẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀wọ̀n fàdákà kan wà lọ́wọ́ wọn, ó ti dúdú, ó ti já sí méjì.

"Bàbá Dàpọ̀ ló rà á fún mi. Ọdún tó kú ló já. Mi ò lè wọ̀ ọ́, mi ò lè tà á, mi ò lè jù ú nù. Inú àpótí ló wà." Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóró èèrà mi. "Ṣé èyí máa tó bá a rìn?"

Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo kàn mi orí ni.

Torí náà, ẹ̀yin ará Adó, ẹ má bèèrè lọ́wọ́ mi mọ́ ìdí tó fi wọ́n. Ẹ lọ ṣí àpótí yín. Yẹtí tó sọ ìkejì nù, ẹ̀gbà tó kán, ẹ kó o wá. Kòtò tó súnmọ́ wa jù nìyẹn, kò sì ní èéfín.

Mo yọ́ ẹ̀wọ̀n yẹn, mo fi ṣe òrùka. Ṣùgbọ́n mi ò yọ́ kóró Abakalíkì mọ́ ọn. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú rẹ̀ bó ṣe wà, kó dá yọ, kí wọ́n lè rí i.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, èmi fúnra mi ni mo gbé tìmùtìmù wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Òrùka mi ló wà lórí rẹ̀. Màmá Tíṣà jókòó níwájú pátápátá, ọrùn wọn ṣófo, ojú wọn ò kúrò lára òrùka náà. Àlùfáà mú un láti gbàdúrà lé e lórí, ó dúró, ó fi èékánná kan nǹkan kékeré tó yọ lójú rẹ̀, ó rò pé ìdọ̀tí ni. Ó ní, "Kí lèyí?"

Táyé ò jẹ́ kí n la ẹnu. Ó ní, "Kẹ́hìndé mi ni, sà. Ẹ má yọ ọ́."